Ìrìn Wa Láti Ìkìrun dé Òkukù: Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Tí Òjò Ń Gbé Lọ

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ti rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, a gbéra ní Òṣogbo, a sì kọjú sí ìhà àríwá, kí a lè wo bí àwọn àgbẹ̀ alágbàdo ti ń ṣe ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Ọ̀nà náà kò jìnnà sí ojú irin tí ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, tí ó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin.

Àárín àwọn òkè ni Ìkìrun wà. Òjò ńlá rọ̀ ní òru tí a sùn síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí i pé ọ̀gbàrá ti la ojú títì kọjá, ó sì fi erùpẹ̀ pupa sílẹ̀ níbi gbogbo. A bi ara wa léèrè pé: Oko ta ni erùpẹ̀ yìí ti wá?

Nígbà tí a dé etí odò Ọ̀tìn, omi rẹ̀ pọ́n bí epo. Àwọn tí ó mọ ìtàn kò ní gbàgbé odò yìí. Nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ogun Ìlọrin kú sí ní oṣù November ọdún 1878, nígbà tí a ṣẹ́gun wọn ní Ìkìrun tí wọ́n sì ń sá lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Lónìí, kì í ṣe ènìyàn ni ó ń já lu omi mọ́, ilẹ̀ oko wa ni. Odò yìí kan náà ni wọ́n sé ní Èkó-Èndé kí àwọn ará ìlú lè rí omi mu. Nítorí náà òfò méjì ni ọ̀gbàrá ń fà: oko ń rù, adágún omi sì ń kún fún erẹ̀.

Ní Ìnísà, a rí oko méjì tí ó fi ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Katakátá ti tú ọ̀kan, ó sì mọ́ bí àgbàlá tí a gbá. Ṣùgbọ́n òjò ti lu ojú ilẹ̀ náà le bí àwo, omi sì ti la ipa sí i lára. Nínú èkejì, pòpórò àgbàdo èṣí dùbúlẹ̀ káàkiri, àgbàdo tuntun sì ń yọ láàárín wọn. Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀. A kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Àroko bọ́dún dé o.” Ó dáhùn pé, “Àṣẹ o, ẹ̀yin ọmọ mi.” Ó fi ṣóńṣó àdá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ fún wa; ilẹ̀ tutù, ekòló sì ń yí nínú rẹ̀.

Bàbá ní, “Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi pòpórò sílẹ̀, tí n kò tú ilẹ̀, wọ́n ní ọ̀lẹ ti wọ̀ mí. Mo fara da ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ ọdún kejì, iná àwọn ọdẹ ọlọ́yà wọ oko mi, kò fi ẹyọ pòpórò kan sílẹ̀. Ní ọdún náà, ẹ̀kan gba ìdajì oko mi.”

Ohun tí Bàbá ń ṣe yìí kì í ṣe àṣà ọ̀lẹ. Ní Ìbàdàn, ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí à ń pè ní IITA, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1967, Ọ̀mọ̀wé Rattan Lal, ọmọ ilẹ̀ Índíà, ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí láti 1970 títí di 1987. Ó wọn ilẹ̀ tí òjò ń gbé lọ. Lórí ilẹ̀ tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìwọ̀n 10 tàbí 15 nínú 100, tí a sì fi sílẹ̀ ní ìhòòhò, ilẹ̀ tí ó lọ láàárín ọdún kan lé ní tọ́ọ̀nù 200 lórí hẹ́kítà kan, èyí tí í ṣe nǹkan bí éékà méjì ààbọ̀. Níbi tí koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, tọ́ọ̀nù 4 sí 6 lórí hẹ́kítà, ilẹ̀ tí ó lọ kò tó nǹkan. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ẹ̀kán òjò a máa fọ́ ilẹ̀ ìhòòhò sí wẹ́wẹ́, a sì dí àwọn ihò rẹ̀, omi kò ní rí ibi wọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí pòpórò bá wà, òun ni yóò gba ìlù náà. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ọdún 2020, a fi Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé dá Ọ̀mọ̀wé náà lọ́lá.

Ó tún rí i pé oko tí a fi àdá ṣán gẹ́gẹ́ bí ti àwọn baba wa kò pàdánù ilẹ̀ tó oko tí ẹ̀rọ wó igbó rẹ̀, tí katakátá sì tú. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa a máa fi ilẹ̀ sinmi fún ọdún púpọ̀. Àwa kò ní àyè bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kí ló dé, nígbà náà, tí ẹ̀kọ́ yìí kò fi tàn ká oko wa? Ní Brazil, àwọn àgbẹ̀ ọlọ́kà gbà á láti 1972, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀rọ, wọ́n sì ní owó oògùn tí ń pa koríko. Níhìn-ín, iná a jó pòpórò, màlúù a jẹ ẹ́, koríko a sì borí ẹni tí kò tú ilẹ̀. Ní gúúsù Benin, ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ rí ọ̀nà kan: wọ́n gbin ìbátan wèrèpè tí èèpo rẹ̀ kì í yún ni lára, ó fà bo ilẹ̀, ó sì pa ẹ̀kan.

Ní Òkukù, ní ìrọ̀lẹ́, a ròyìn gbogbo èyí fún àwọn àgbẹ̀ kan. Ìyá kan tí ń gbin àgbàdo ní, “Ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n bí mo bá pa pòpórò mọ́, tí ẹni tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà sì finá sí tirẹ̀, kí ni èrè mi?” Ẹnu kò lè dáhùn ìyẹn, ọwọ́ ni yóò dáhùn rẹ̀. Kí a tó dìde, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí ọyẹ́ tó dé, àwọn yóò jọ ro àyíká oko wọn kí iná má ṣe rí ọ̀nà kọjá, àwọn yóò sì bá àwọn ọdẹ àti darandaran sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní oko, ẹ yà apá kan sọ́tọ̀ ní ọdún yìí, ẹ má ṣe sun pòpórò ibẹ̀, ẹ sì fi wé ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá aládùúgbò oko yín sọ̀rọ̀. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.