Ọwọ́ Ọmọdé Ò Tó Pẹpẹ

V1 ni mo kọ síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì funfun ni mo fi kọ ọ́, irọ́ sì ni.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Lẹ́yìn ilé tí èmi àti alájọgbé mi háyà, a kan ògiri kan fún eré gígun àpáta. Pákó pẹlẹbẹ la rà lọ́wọ́ káfíńtà, a jẹ́ kó fì síwájú díẹ̀ kó má baà rọrùn jù, a wá fi bóòtù de gígé igi mọ́ ọn lóríṣiríṣi, kéèyàn lè rí nǹkan dì mú. Kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ. Kò sí okùn níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá yọ, fóòmù àtijọ́ méjì tí a tẹ́ sílẹ̀ lo máa bá.

Gbogbo ọ̀nà tí a bá là sórí ògiri yẹn la máa ń fún ní nọ́ńbà, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ bó ṣe le tó. John Sherman, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ètò V jáde nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn àpáta Hueco Tanks ní Texas, lọ́dún 1991. Láti V0 lèèyàn ti ń gòkè; wọ́n ti gùn ún dé V17. Ṣáájú rẹ̀ ni John Gill, onímọ̀ ìṣirò, ti ní B1, B2 àti B3. B3 ni ọ̀nà tí ẹnì kan ṣoṣo tíì gùn, táwọn yòókù gbìyànjú tì. Ọjọ́ tí ẹlòmíì bá gùn ún, kì í ṣe B3 mọ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Mi ò mọ̀ pé èmi ló ń bá wí.

Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni mo fi jà kí n tó gun ọ̀nà tèmi yẹn. Síbẹ̀ mo kọ V1, kí ẹni tó bá jábọ́ lè ní, "Háà! V1 lásán lèyí lójú tiẹ̀!"

Alájọgbé mi kúrú, èmi ga. Igi kẹta tí mo kàn ń nawọ́ mú, òun ní láti fò sí i. Ó ka nọ́ńbà mi, ó gbà mí gbọ́, ó fò. Ọwọ́ rẹ̀ kan igi, ó yọ, ó sì já sáàárín fóòmù méjèèjì. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi tilẹ̀. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Kò bú mi o. Ó kàn di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ṣebí V1 lo kọ síbẹ̀?"

Ẹnu mi wọhò. A dúpẹ́ pé kò kán, ó rọ́ ni. Báńdéèjì ló fi jókòó ìdánwò. Èmi ni mo ń bá a fọṣọ títí a fi parí.

Nígbà tí ọwọ́ san, òun náà la ọ̀nà tiẹ̀. Ihò tóóró kan wà níbẹ̀ tí ìka rẹ̀ wọ̀ dáadáa. Tèmi ò kọjá èékánná. Ó pè é ní V2. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń jábọ́. Ìgbà yẹn ni òwe àwọn àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi: ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Òfin wa nísinsìnyí ni pé ẹnì kan kì í dá kọ nọ́ńbà. Àwa méjèèjì á gùn ún, a ó jiyàn, ká tó mú ṣọ́ọ̀kì. A ti nu V1 yẹn kúrò. V4 ló wà níbẹ̀ báyìí, a sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ẹni kúkurú á fò.

Òun ló kọ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi kọ ọ́.