Kí Ìgò Tó Kúrò Létí Títì

Láyé ìgbà tí kpayo, epo mọ́tò tí wọ́n ń tà létí títì, gbòde ní Benin, ẹni tó bá wakọ̀ láti Savè gba Tchaourou lọ sí Parakou kì í wá epo tì. Tábìlì onígi ló wà létí títì, ìgò ọtí onílítà kan níwájú, ìgò ràbàtà oníkùn lẹ́yìn, tí oòrùn bá sì ta sí wọn, epo inú wọn a máa dán bí oyin. Epo Nàìjíríà ni, tí wọ́n ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú gbé wọlé. Ìjọba ibẹ̀ ń fowó ràn án nígbà náà, ìdí nìyẹn tó fi dínwó ju ti ilé epo lọ.

Tábìlì yẹn ní ìlànà tirẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ọ́ sórí pákó. Awakọ̀ á kọ́kọ́ kí ìyá tó jókòó tì í: "Ajé á wọ igbá o, ìyá." "Àṣẹ. Ẹ kú ìrìn o. Ará ilé ńkọ́?" Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ lítà kí ìkíni tó parí. Lẹ́yìn náà, á gbé ìgò sókè, á wò ó bóyá omi tàbí ìdọ̀tí wà nísàlẹ̀. Ìyá á ki àrọ bọ ẹnu táǹkì, á tẹ́ aṣọ lé e, á sẹ́ epo náà. Oníbàárà àtijọ́ lè gba àwìn, ó sì lè rí èènì. Ojú ni òṣùwọ̀n, ẹnu ni ìwé.

Àmọ́ ìlànà yẹn kò ka iná sí. Oru epo mọ́tò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń rá lọ, ó sì lè dé ìdí ààrò alákàrà kó gbé iná padà wá. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó kpayo sí gbiná ní Sèmè-Kraké, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Àwọn tó kú lé ní 30.

Ọdún yẹn náà ni ọjà yí padà. Ìjọba Boni Yayi, ààrẹ Benin nígbà kan rí tó jẹ́ ọmọ Tchaourou gan-an, ti gbógun ti kpayo tẹ́lẹ̀, àmọ́ kpayo kò kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu ti Nàìjíríà kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan ní Nàìjíríà fò láti nǹkan bíi náírà 185 kọjá 480. Kpayo gbówó lórí, ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì padà sí ilé epo. Ohun tí ọlọ́pàá kò rí ṣe, owó ṣe é.

Ní ilé epo, ara ògiri ni ìlànà wà: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má mu sìgá, ẹ má lo fóònù. Èrò ẹ̀yìn alùpùpù á sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì wá, ilẹ̀ ló yẹ kó gbé e sí, kì í ṣe inú búùtù, kí iná tó ń ti ara ìfarakanra wá má baà ta sí oru epo. Oníbàárà á wo òǹkà pé ó wà ní òdo kí epo tó ṣàn. Àwọ̀ epo kò ṣeé wò mọ́, nọ́ńbà ló kù tí a lè gbà gbọ́.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, "Mélòó?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ báyìí. Ẹni tó bá dúró béèrè àlàáfíà ará ilé ẹni tó ń ta epo, ọkọ̀ ẹ̀yìn á fọn fèrè mọ́ ọn.

N kò ní kí ìgò padà wá. Ẹni tó bá ti rí ara tí epo mọ́tò jó kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà kan ló kù tó yẹ kí wọ́n kọ kún ti ara ògiri: ẹ kọ́kọ́ kí ara yín. Ìkíni kì í gbiná, àkókò tó sì ń gbà kò ju èyí tí awakọ̀ fi ń pa ẹ́ńjìnnì lọ.