Àwọn Mẹ́ta Tó Ń Wo Ẹnì Kan

Orúkọ wọn nìyí: Norman Lowry, Willie Mays, Joseph Peterson, Mark Melancon. Awakọ̀ òfurufú ni wọ́n, nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Lowry, olórí wọn, jẹ́ ẹni ọdún 37. Àwọn mẹ́ta tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọgbọ̀n ọdún díẹ̀ ni. (Mays yìí kọ́ ni ìlúmọ̀ọ́ká agbá-baseball yẹn o, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀.) Wọ́n jọ kú lọ́jọ́ 18 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1982, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan.

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì dáyé nígbà náà. Ẹ lè béèrè pé kí ló kan àwa, ọmọ Yorùbá tó ń kọ kóòdù jẹun, nínú ọ̀rọ̀ ṣọ́jà òyìnbó tó ti kú tipẹ́tipẹ́. Ẹ ní sùúrù, à ń bọ̀ níbẹ̀.

Thunderbirds ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Ọdún 1953 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Luke, ní ìpínlẹ̀ Arizona, wọ́n sì fi ẹyẹ àrá inú ìtàn àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà sọ ọ́ lórúkọ. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe kí wọ́n lọ jagun. Bàálù ogun ni wọ́n fi ń dárà lójú ọ̀run kí èrò lè pàtẹ́wọ́, kí ọmọdé kan sì lè délé lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé iṣẹ́ ológun lòun fẹ́ ṣe. Mẹ́fà ló máa ń fò. Nọ́ńbà 1 wà níwájú, 2 wà lápá òsì rẹ̀, 3 lápá ọ̀tún, 4 wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Nọ́ńbà 5 àti 6 ń dá tiwọn ṣe lọ́tọ̀. Láyé tí wọ́n ń fò F-100, èéfín àwọn tó wà níwájú máa ń kun ìrù bàálù nọ́ńbà 4 dúdú bí ìdí ìkòkò, wọn kì í sì í nù ún kúrò. Ìdọ̀tí yẹn gan-an ni oyè rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, nọ́ńbà 4 yìí la fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn.

Nígbà tí epo rọ̀bì wọ́n gógó lágbàáyé ní 1973 (ọdún tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé tiwa bí àgbàrá), wọ́n fi F-4 tó ń mu epo bí ẹni tó gbààwẹ̀ mu omi sílẹ̀, wọ́n bọ́ sórí T-38, bàálù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ níṣẹ́. T-38 yìí náà ni wọ́n wà lórí rẹ̀ nígbà tí ibi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ wọ́n. Ní oṣù Èbìbí 1981, Nick Hauck kú ní Utah. Nígbà tó di oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, olórí wọn, David Smith, ń gbéra kúrò ní Cleveland, ẹyẹ wọ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó já ara rẹ̀ jáde, páráṣúùtì kò ṣí. Ipò ẹni yẹn ni Lowry gbà. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tó jókòó sórí àga olóògbé, tí àwọn mẹ́ta sì ń retí kó sọ fáwọn pé ó yá, ẹ jẹ́ ká fò.

Indian Springs ni wọ́n wà láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, nínú aṣálẹ̀ Nevada, wọ́n ń gbára dì fún eré ọdún tuntun. Bàálù mẹ́rin tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tò lórí ìlà, wọ́n jọ gòkè, wọ́n jọ dojú dé, wọ́n sì jọ ń bọ̀ nílẹ̀. Òkìtì ni, bíi ti eégún onídán, àfi pé irin ló ń ta á. Tí wọ́n bá sún mọ́ ilẹ̀ tán, ó yẹ kí wọ́n gbé imú sókè, kí wọ́n sì máa fò lọ gbọrọ. Lọ́jọ́ yẹn, imú kò gbéra tó. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lulẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí àwọn ológun sọ lẹ́yìn ìwádìí ni pé nǹkan há nínú ohun tó ń darí ìrù bàálù olórí, kò sì lè fà á sókè lásìkò. Èyí kan Lowry nìkan. Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́? Kò sóhun tó ṣe bàálù tiwọn. Ojú wọn kò sí nílẹ̀, kò sì sí lára aago tó ń sọ bí wọ́n ṣe ga tó. Bàálù ẹ̀gbẹ́ wọn ni wọ́n ń wò, ìyẹn sì ń wo olórí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wọn. Ẹni tó bá gbójú kúrò lára ẹnìkejì rẹ̀ nígbà tí ìyẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìyẹ́, òun ni yóò kọ lu ẹnìkejì.

Gbogbo ìgbà tí a bá sọ ìtàn yìí níbi tí àwọn ẹgbẹ́ wa péjọ sí, ẹnì kan ò ní ṣaláì sọ pé, "Àgùntàn tó bá ajá rìn." Wọn á rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí wọn ò lajú wò? Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí wa nínú. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn onílù rí mọ̀ pé omele kì í wo ẹsẹ̀ oníjó, ìyáàlù ló ń gbọ́. Bí omele kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe èyí tó wù ú nítorí pé kò fọkàn tán ìyáàlù, ariwo lásán la máa gbọ́. Àìmọ̀kan kọ́ ló mú kí àwọn mẹ́ta yìí tẹ̀ lé olórí, iṣẹ́ wọn gan-an nìyẹn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ìlà wọn kò já títí dé ilẹ̀. Ní irú eré tí wọ́n ń bá bọ̀, ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ti ju mítà 150 lọ. Kí lẹ fẹ́ kí èèyàn fi ìyẹn rò?

A ní ẹ̀gbọ́n kan lẹ́nu iṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá la máa ń pè é. Òun ló kó àwa mẹ́rin mọ́ra nígbà tí ìwé ẹ̀rí wa nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ṣì ń rùn tuntun, tí a mọ gbogbo tíọ́rì tí a ò sì mọ iṣẹ́ kan tó dán mọ́rán. Àìsàn ló pa á. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Àmọ́ àwa tí à ń kọ kóòdù ní ohun kan tí àwọn míì ò ní. Àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ git blame. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, yóò kọ orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀. Orúkọ Bọ̀ọ̀dá kún ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ tuntun kan rí ìlà tó rí wúruwùru, ó tẹ git blame, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ta tún ni oníranù yìí?" Yàrá pa lọ́lọ́. Kò mọ̀ ni, kò sẹ́ni tó bá a wí. Ọ̀kan nínú wa kàn sọ fún un jẹ́jẹ́ pé òru tí owó àwọn èèyàn há sójú ọ̀nà ni wọ́n kọ ìlà yẹn, kò síná, jẹnẹrétọ̀ ti gbẹ́mìí mì, íntánẹ́ẹ̀tì inú fóònù ni Bọ̀ọ̀dá fi gbé e dé ojú iṣẹ́, gbogbo owó sì dé ibi tó ń lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun tó ń dùn wá lórí ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ wọ̀nyí nìyẹn. Ìṣẹ́jú-àáyá tó gbẹ̀yìn nìkan làwọn èèyàn ń kà, bí ẹni pé ọdún gbogbo tí wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ kò sí nínú ìwé.

Ní 1983, ẹgbẹ́ náà padà sójú ọ̀run pẹ̀lú F-16. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di tiwa gan-an nìyí. Nínú F-16, kò sí irin tàbí okùn kankan tó so ọwọ́ awakọ̀ mọ́ ìrù bàálù. Kọ̀ǹpútà ló wà láàárín. Awakọ̀ ń sọ ohun tó fẹ́, kóòdù ló ń ṣe é. Láti 2014 wá, ọ̀pọ̀ F-16 ilé iṣẹ́ ológun wọn tún ti ní ètò tó máa ń gba bàálù lọ́wọ́ awakọ̀ bí ilẹ̀ bá ti sún mọ́ jù, tí yóò fà á sókè fúnra rẹ̀. Ó ti gba ẹ̀mí là.

Àmọ́ kò tíì tán. Ní 2003, ní Mountain Home ní Idaho, Chris Stricklin fi ìṣirò gíga ilẹ̀ ilé wọn ní Nellis ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Mountain Home fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ga ju tilé lọ. Nọ́ńbà tó tọ̀nà nílé, tó di irọ́ lóko! Ó já jáde nígbà tó ku ohun tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì yè. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí awakọ̀ máa fi ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kún gíga kó tó dojú dé. Ní 2018, Stephen Del Bagno, nọ́ńbà 4, kò yè é. Agbára tó ń tẹ ara mọ́lẹ̀ bí bàálù bá ń yí gba ìyè lọ́kàn rẹ̀ nígbà ìdánrawò.

Láti 2005, Creech ni wọ́n ń pe Indian Springs, orúkọ ọ̀gágun tó dúró ti ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn 1982. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń darí bàálù tí kò séèyàn nínú rẹ̀ báyìí.

Níbi iṣẹ́ wa, sáfà mẹ́rin la fi ń gba iṣẹ́ wọlé. A sọ wọ́n ní lowry, mays, peterson àti melancon. Àwọn ọ̀gá rò pé orúkọ agbábọ́ọ̀lù ni, a ò sì bá wọn jiyàn. Lowry ló ń síwájú. Bó bá dákẹ́, mays yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìwẹ̀yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lowry dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin lóru. Àwọn mẹ́ta yòókù ń bá iṣẹ́ lọ, kò sí oníbàárà kankan tó mọ̀.