Ọjà Tí A Kò Ná

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gbọ́ pé ọmọ tí ó ń kọ́ èdè ní Yunifásítì jókòó, ó mú gègé, ó sì fẹ́ kọ̀wé nípa eré orí fóònù, yóò ní iṣẹ́ ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ fún mi. Eré tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ń yìnbọn, kì í sì ṣe èyí tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Eré ilé oúnjẹ ni. Ilé oúnjẹ kékeré kan wà nínú fóònù. Ìwọ tí o ni ín ni yóò ra àga àti tábìlì sí i, ìwọ ni yóò yan ohun tí wọn yóò sè. Àwọn oníbàárà tí kò ní ẹran-ara yóò máa rọ́ wọlé, wọn yóò jẹun, wọn yóò sanwó, wọn yóò sì jáde. Owó tí wọ́n san ni ìwọ yóò fi ra àga mìíràn, kí àwọn mìíràn lè rí ibi jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni eré náà ń lọ láìlópin, bí ẹni tí ń fi agbọ̀n pọnmi.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ni ó mú mi mọ̀ ọ́n. Ní àkókò ìsinmi tí ó kọjá ni àwọn tí ó ṣe eré náà kó ọ̀ṣọ́ tuntun wọ inú rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ ọjà rírà ni. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú rẹ̀ fún yín. Fèrèsé onígíláàsì ńlá kan wà níbẹ̀, tí ère obìnrin mẹ́ta tí kò ní ojú dúró sínú rẹ̀, tí wọ́n wọ ẹ̀wù òtútù. Àpò tí wọ́n fi bébà ṣe wà níbẹ̀, èyí tí a lè gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bí ẹni pé oníbàárà ti ọjà bọ̀, ó wá jẹun. Kẹ̀kẹ́ onírin tí wọ́n ń tì kiri nínú súpámákẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ ìgbowó tí ń dún, àti pátákó pupa tí wọ́n kọ ọ́ sí pé owó ọjà ti dínkù. Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni àtẹ̀gùn tí ń gòkè fúnra rẹ̀. Kò gbé ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan, nítorí pé ilé oúnjẹ náà kò ní òkè.

Mo ní kí àbúrò mi jẹ́ kí n lóye rẹ̀ dáadáa. Ṣé ọjà rírà ni a fi ń ṣe ilé oúnjẹ lọ́ṣọ̀ọ́? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé a sì gbọ́dọ̀ ra ọ̀ṣọ́ náà? Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ta ni yóò fún yín lọ́fẹ̀ẹ́?" Nígbà náà, àwòrán rírà ni a ń rà. Bí ẹni tí ó sanwó fún àwòrán owó.

Síbẹ̀ n kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun kọ̀ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ó ní ìtàn, ìtàn náà kì í sì í ṣe tiwa. Kẹ̀kẹ́ onírin yẹn, Sylvan Goldman, ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Oklahoma City ní Amẹ́ríkà, ni ó mú un jáde ní 1937. Ó ṣàkíyèsí pé nígbà tí agbọ̀n bá ti wúwo lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọn kì í rà mọ́. Nígbà tí ó kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ náà kalẹ̀, àwọn oníbàárà kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó di ìgbà tí ó háyà àwọn ènìyàn tí wọn yóò máa tì í kiri bí ẹni pé wọ́n ń rajà, kí àwọn ìyókù tó tẹ̀lé wọn. Fèrèsé onígíláàsì tí wọ́n to ọjà sí bí ẹni to eré orí ìtàgé, òun ni Selfridge, ará Amẹ́ríkà kan, fi mú kí ojú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù wọlé nígbà tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí Oxford Street ní 1909. Àgbájọ ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, tí òjò àti òtútù kò lè dé, Victor Gruen, ọmọ ilẹ̀ Austria, ni ó ya àwòrán Southdale, tí wọ́n ṣí ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní 1956. Ọmọ Ìbàdàn tí ó bá ń fi ìka tẹ ọ̀ṣọ́ wọ̀nyí, ìtàn Amẹ́ríkà àti ti Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń tò sórí tábìlì.

Mo wá wo inú rẹ̀ títí, mo ń wá ọjà tí èmi mọ̀. N kò rí agboòrùn ńlá tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń ta sórí àtẹ. N kò rí kọ́ńgò, yálà èyí tí ó dára tàbí èyí tí wọ́n ti lù ní ìdí kí ó lè gbà díẹ̀. N kò rí alábàárù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, n kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ èdè, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú mi. A ń ná owó, a sì ń ná ọjà. Ìró kan náà, ohùn kan náà. Ẹni tí ó ná owó, owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ná ọjà, ẹnu ni ó fi ná an, owó rẹ̀ sì lè wà nínú àpò títí yóò fi dé ilé. Bí a bá rán ọmọ lọ sí ọjà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a ó bi í nígbà tí ó bá dé ni pé, "Ṣé o ná an?" Ẹni tí ó ná owó láìná ọjà, ọ̀dẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń pè é. Nínú eré yìí, nínú owó nìkan ni a lè ná. A kò lè ná ọjà. O kò lè sọ fún fèrèsé pé owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. O kò lè ṣe bí ẹni tí ń lọ, kí wọ́n pè ọ́ padà. Èènì kò sí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń bẹnu àtẹ́ lu iye owó kan ṣoṣo tí a kọ mọ́ ọjà. Ní Paris, láti 1852 tí Boucicaut ti wọ Bon Marché, tí ó kọ iye mọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, àlejò àti onílé, olówó àti tálákà, iye kan náà ni wọ́n ń san. Èmi tí ojú máa ń tì bí ìyá aláta bá ti gbé ohùn sókè ní Bódìjà, mo mọ ire tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé eré náà kọ iye owó, ó sì tún fi í pamọ́. Kì í ṣe náírà ni wọ́n kọ sára kẹ̀kẹ́ onírin. Dáyámọ́ńdì àádọ́rùn-ún ni. Dáyámọ́ńdì ni a sì ń fi náírà rà, ọgọ́fà rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Bí o bá ra kẹ̀kẹ́, ọgbọ̀n ṣẹ́kù sí ọ lọ́wọ́, kò sì sí ohun kan lórí àtẹ tí ọgbọ̀n lè rà. Èyí ni yóò mú ọ padà wá. Àwọn baba wa ná owó ẹyọ, ogójì lókùn kan, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹgbàáwàá, ó sì wúwo débi pé alábàárù ni ó ń rù ú. Ṣùgbọ́n owó ẹyọ tí o fi ta ẹ̀wà ní Ìbàdàn, o lè fi ra aṣọ ní Abẹ́òkúta. Dáyámọ́ńdì yìí kò lè jáde kúrò nínú ilé oúnjẹ náà láé.

Ọ̀rọ̀ "rà" fúnra rẹ̀ sì ń kọ́? Ní 2009, ilé iṣẹ́ Playfish ní Lọ́ńdọ̀nù gbé eré ilé oúnjẹ kan jáde lórí Facebook tí wọ́n pè ní Restaurant City. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó tò ó lọ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n sì ná owó gidi sí i. Ní oṣù kẹfà 2012, wọ́n ti í pa. Gbogbo àga, gbogbo òdòdó, gbogbo ilẹ̀kùn tí wọ́n rà, kò ku ẹyọ kan. Kí ni wọ́n rà nígbà náà? Ìpínlẹ̀ California ti ṣe òfin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2025: ẹni tí ó bá ń ta ìwé, fíìmù tàbí eré orí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ sọ fún oníbàárà pé ó "rà" á, bí kò bá là á yé e pé àṣẹ ìlò lásán ni ó gbà, àfi bí oníbàárà bá lè gbé nǹkan náà pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí láé. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Àwọn aṣòfin jókòó, wọ́n ń jiyàn lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo! Ní tiwa, alága àti oníkánópì tí ń fi nǹkan sílẹ̀ fún òde ìnáwó kì í sọ pé òun ta á. Ó háyà rẹ̀ ni.

Mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò mi. Ó gbọ́, ó sì ní, "Ẹ̀yin náà ń san owó lọ wo bọ́ọ̀lù. Kí ni ẹ ń gbé bọ̀ wálé?" N kò rí èsì fún un, n kò sì tíì rí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ yìí kò dúró sínú fóònù. Ìyá wa ní ìsọ̀ oúnjẹ ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn: àmàlà, ewédú, gbẹ̀gìrì, àti ìrẹsì ní ọ̀sán. Owó rẹ̀ ni ó gbé mi dé ibi tí mo wà yìí. Láti 2023, tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀, ẹni tí ó ń jẹ ẹran mẹ́ta ń jẹ ẹyọ kan, ẹni tí ó ń jẹ ẹyọ kan ń bèèrè omi ọbẹ̀. Lórí èyí náà ni ẹnì kan tún ṣí ilé oúnjẹ sí òdì kejì ọ̀nà, tí ó fi iná aláwọ̀ mèremère àti òdòdó oníke yí ògiri rẹ̀ ká, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń lọ yàwòrán níbẹ̀. Àbúrò mi ní kí Màámi mú ẹgbàá lọ́nà ogún, ìyẹn ₦40,000, wá, kí àwọn ṣe ìsọ̀ náà lọ́ṣọ̀ọ́.

Ìyá wa ní, "Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Inú ọbẹ̀ ni owó mi wà."

Àbúrò mi ní, "Màámi, ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Wọn kò tíì tọ́ ọ wò tí wọ́n ti ń kọjá lọ."

Kì í ṣe àríyànjiyàn eré. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fèsì fún ara wọn pẹ̀lú ìbínú. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ìyá wa na ọwọ́, ó ní kí ó mú fóònù náà wá kí òun wo ilé oúnjẹ tí ó ń kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ó wò ó pẹ́. Ó bèèrè pé, "Ta ní ń fọ abọ́ níbẹ̀?" Àbúrò mi ní kò sí ẹni tí ń fọ̀ ọ́, ó máa ń pòórá ni. Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó tún wò ó. Ó ní, "Kí ni ìwọ gbé kẹ̀kẹ́ yìí sí ẹnu ọ̀nà sí? Àwọn tí ń gbé oúnjẹ kò ráyè kọjá. Gbé e sí igun yẹn. Tábìlì yìí náà, yí i, kí ẹni tí ó jókòó lè máa wo ìta. Ẹni tí ń dá jẹun kì í fẹ́ kọjú sí ògiri." Àbúrò mi ṣe bí ó ti wí. Owó tí ń wọlé sì pọ̀ sí i lójú wa, nítorí pé oúnjẹ ń tètè dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Lẹ́yìn èyí ni ìyá wa yọ ₦15,000, ó ní kí a fi ra ọ̀dà àti gílóòbù iná méjì, kí a má sì ra òdòdó oníke kankan. Èmi àti àbúrò mi kun ògiri náà ní ọjọ́ Àìkú, a sì gbé bẹ́ǹṣì kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Owó irun tí àbúrò mi ń dì fún àwọn ènìyàn ni ó fi ra fèrèsé onígíláàsì inú eré rẹ̀, ₦2,900, èmi kò sì bá a wí.

Ohun kan ṣoṣo ni ìyá wa kọ̀ jálẹ̀. Àbúrò mi ti ra pátákó dúdú, ó fẹ́ kọ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀ sí i, kí ẹni tí ń kọjá lè rí i láti ọ̀nà. Ìyá wa ní kí ó kọ orúkọ oúnjẹ, kí ó fi iye sílẹ̀. Ó ní, "Bí o bá kọ ọ́ síbẹ̀, báwo ni n ó ṣe bù ú fún ọmọ ilé-ìwé tí owó rẹ̀ kò pé?"

Pátákó náà wà níwájú ìsọ̀ títí di òní: àmàlà, ewédú, gbẹ̀gìrì, ìrẹsì. Kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀.