Ọgbọ́n Fela ni Talking Heads mú ṣe orin tuntun, orúkọ ló wá dìjà láàárín wọn

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé Talking Heads, àwọn olórin rọ́ọ̀kì ìlú New York, jí orin Fela gbé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o.

Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n: David Byrne tó ń kọrin, Jerry Harrison tó ń tẹ dùùrù, Chris Frantz onílù, àti Tina Weymouth, ìyàwó Chris, tó ń ta gìtá bésì. Orin kéékèèké tó yára ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbajúmọ̀. Brian Eno, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá wọn ṣètò rẹ́kọ́ọ̀dù, ló gbé Afrodisiac tí Fela ṣe lọ́dún 1973 fún Byrne gbọ́.

Nígbà tí wọ́n wọ sítúdíò ní Nassau, ní Bahamas, lọ́dún 1980, wọn ò gbé orin kankan dání. Oníkálukú á kàn mú ohùn kékeré kan, á máa tún un lù, á tún máa tún un lù, wọ́n á sì máa to ọ̀kan lé èkejì lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Fela, ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n: kí bàbá yẹn tó la ẹnu, gìtá ti ń lọ, ìlù ti ń lọ, fèrè ti ń lọ, ẹsẹ̀ yín á ti máa mì kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ̀yìn tí ìlù ti wà nílẹ̀ ni Byrne tó wá ọ̀rọ̀ sí i. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n gbé e jáde, wọ́n pè é ní Remain in Light.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ojú kejì rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ná. Á máa falẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, èyí tó gbẹ̀yìn wá dà bí ẹni ń rìn nínú kùrukùru lóru. Ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá ń gbọ́ ọ. Níbo ni Fela ti ṣe irú ìyẹn? Wọn ò sì fi orísun wọn pa mọ́, kódà wọ́n to orúkọ ìwé tí wọ́n kà nípa Áfíríkà fún àwọn oníròyìn. Olè wo ló ń júwe ilé olóhun? Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ lù ú lójú agbo, èèyàn mẹ́rin ò ká a mọ́, wọ́n di mẹ́sàn-án.

Inú ilé wọn gan-an nìjà ti bẹ̀rẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù jáde, wọ́n wá yọ orúkọ Byrne àti Eno sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni orin, wọ́n da àwọn yòókù pọ̀ sábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́. Orin tí gbogbo wọn jọ jókòó lù! Inú bí tọkọtaya yẹn, mi ò sì bá wọn wí. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ onílù lorin ti bẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí wọn ò ní í dárúkọ onílù? Eno ò bá wọn ṣètò rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́dún 1991, ẹgbẹ́ tú ká.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni ti ọdún 2018. Angélique Kidjo, ọmọ ilẹ̀ Benin tó máa ń fi Fọn àti Yorùbá kọrin, kó orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ inú Remain in Light, ó tún gbogbo ẹ̀ kọ. Ẹ mọ ẹni tó wà lára àwọn tó bá a lùlù? Tony Allen, onílù Fela fúnra ẹ̀.