Ṣé Iná Wà Lọ́dọ̀ Yín?

Tí iná bá lọ nílé wa, Màámi kì í kọ́kọ́ wo mítà. Ojú fèrèsé ni wọ́n máa ń lọ. Wọ́n á wo gílóòbù ẹnu ọ̀nà Ìyá Aládìẹ, ní òdìkejì títì. Tí ìyẹn bá ń tàn, a jẹ́ pé yúníìtì tiwa ló tán. Tí òun náà bá ti kú, wọ́n ti mú iná lọ nìyẹn. Tí ilẹ̀ ò bá tíì ṣú, tí wọn ò lè mọ̀ bóyá ó ń tàn, wọ́n á pariwo: "Ìyá Aládìẹ, ṣé iná wà lọ́dọ̀ yín?"

Mi ò ka àṣà yìí sí nǹkan kan, àfìgbà tí mo dé yunifásítì.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí bí a ṣe lè fi ìgbì rédíò mọ ibi tí ẹrù wà nínú ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ óò lẹ táàgì pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹrù náà. Kò ní bátìrì. Agbára inú ìgbì tí ẹ̀rọ bá rán sí i náà ló fi ń dáhùn. Èrò mi ni pé tí ìdáhùn bá lágbára, ẹrù wà nítòsí. Tí kò bá lágbára, ó jìnnà. Irọ́ ni o! Irin ń ta ìgbì padà bíi gbohùngbohùn, omi ń gbé e mì. Mo gbé táàgì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù onírin, kọ̀ǹpútà ní ìta ló wà.

Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ kan gbé jáde lọ́dún 2003 ló yọ mí. LANDMARC ni wọ́n pè é. Táàgì tiwọn ní bátìrì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà wúlò fún tèmi. Wọ́n kọ́kọ́ to àwọn táàgì mìíràn káàkiri yàrá, wọ́n sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Tí èyí tí wọ́n ń wá bá dáhùn, wọ́n á wo àwọn tí ìdáhùn wọn jọ tirẹ̀ jù. Irin tó ń da ọ̀kan láàmú á máa da aládùúgbò rẹ̀ náà láàmú. Ìtòsí àwọn tó jọ ọ́ ni òun náà máa wà. Mo rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ Màámi rèé.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ másítà, owó iná ni mo yí sí. Mò ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti sọ iye tí iná máa jẹ́ lọ́la ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọjà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń ra iná sílẹ̀ de ọjọ́ kejì. Owó kì í dúró sójú kan níbẹ̀ láàárọ̀ sálẹ́. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ gan-an, tí oòrùn sì ràn, iná lè pọ̀ débi pé owó rẹ̀ á já wálẹ̀ kọjá òdo: ẹni tó ń tà á ló máa sanwó fún ẹni tó ń gbà á. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni kéèyàn wá àwọn ọjọ́ àtijọ́ tó jọ ọ̀la. Ọjọ́ náà ní aládùúgbò.

Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Màámi pè mí. Ẹja yìnyín ni wọ́n ń tà. Àdúgbò wa wà lára àwọn tí wọ́n pè ní Band A, yúníìtì tí à ń rà ní náírà 68 sì ti di 225 lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹnjiníà mi, ìwọ tí ò ń kọ́ nípa owó iná, èló ló máa dà lọ́dún tó ń bọ̀? Ṣé kí n ta fíríísà yìí ni?"

Mo ṣírò ọ̀kan. Ká ní fíríísà ń jẹ yúníìtì mẹ́ta lóòjọ́, náírà 6,120 lóṣù ti di 20,250. Ìyẹn rọrùn. Ìbéèrè kejì ni mi ò rí dáhùn. Lóòótọ́, owó dọ́là àti owó gáàsì wà nínú ìṣirò náà, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ló gbé owó tiwa sókè lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí ni mo fẹ́ fi wé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Kò ní aládùúgbò.

"Màámi, mi ò mọ̀."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Wákàtí mélòó ni wọ́n ní àwọn máa fún wa?"

"Ó kéré tán, 20 lóòjọ́."

Wọ́n ṣí ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n ń kọ gbèsè oníbàárà sí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tó lọ. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọjọ́ kan pé 20, òmíràn ò ju 13 lọ. Wọ́n gbé ìwé náà lọ bá Ìyá Aládìẹ, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sì pa fíríísà kan. Inú ọ̀kan tó kù ni ẹja àti adìẹ jọ wà báyìí, wọ́n ń pín owó káàdì rẹ̀ sí méjì. Fíríísà tó kún kì í tètè yọ́ tí iná bá lọ. Èmi kọ́ ni mo sọ ìyẹn fún wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń kọ ọ́.

"Mò ń kọ ọ́ o. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún fowó kún un, ṣebí màá ti ní ohun tí màá fi wé e."