Oúnjẹ Kòríà ní Ọ̀tà

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwa ará ilé wa mú ọ̀nà Ọ̀tà pọ̀n láti Èkó. Ẹni tí ó bá wa lọ ni obìnrin ará Kòríà kan, ọ̀rẹ́ ìdílé wa, tí ó ní òun fẹ́ se oúnjẹ ilẹ̀ òun fún ìdílé kan tí òun ti ń gbọ́ ìròyìn wọn lẹ́nu wa láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀tà jẹ́ ìlú àwọn Àwórì. Ọlọ́tà sì ni oyè ọba wọn. Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe tuntun nínú ìtàn Ìjọ, nítorí láti nǹkan bí ọdún 1854 ni James White, ọmọ Yorùbá tí ó ti Sàró bọ̀, ti ń wàásù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣàngó-Ọ̀tà ti òní, agbo ilé iṣẹ́ ni. Ní abẹ́ afárá, níbi tí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ti ya kúrò lára ọ̀nà Abẹ́òkúta, àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń tẹ̀lé ara wọn bí èèrà; irin, ọṣẹ, ike àti ọ̀dà ni wọ́n ń rù jáde. Indomie tí àwọn ọmọ yín ń jẹ kí wọ́n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ pàápàá, a ń ṣe é ní Ọ̀tà.

Bí a ti sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀, àwọn ọmọ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe àlejò wa ní "Ṣáínà! Ṣáínà!" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dáhùn pé, "Ẹ káàsán o." Ìyẹn pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ìyá àgbà kan ni olórí ilé tí a wọ̀ sí. Àlejò wa kúnlẹ̀ kí i bí a ti kọ́ ọ. Ó sọ fún wa pé kò ṣòro fún òun, nítorí ní ilẹ̀ wọn pẹ̀lú, ọmọ a máa wólẹ̀ kí àgbà ní ọjọ́ ọdún, ọwọ́ méjèèjì ni a sì fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ó ju ni lọ. Màmá dá a lóhùn pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ ní kí a gbé ìkòkò kaná, ó ní, "Ẹ ṣeun. Èmi kò ní jẹ níbẹ̀."

Nígbà náà ni a tó mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún ọmọkùnrin rẹ̀. Àjèjì ni ó ni ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n san owó ilé ìwòsàn, wọ́n sì ní kí ó máa lọ sí ilé. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ bá jọ ti àwọn ọ̀gá wọ̀nyí, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ìyá yìí. Ojú tì wá, nítorí a kò béèrè kí a tó mú àlejò wá.

A fẹ́ padà, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ní kí a má ṣe lọ. Obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ ṣí kimchi tí ó gbé wá: kábéèjì tí a fi iyọ̀ rẹ, tí a fọ̀, tí a sì fi ata gbígbẹ, ààyù, atalẹ̀ àti omi ẹja oníyọ̀ pa lára, tí a wá fi pamọ́ títí ó fi kan. Ní Kòríà, ará ilé àti aládùúgbò a máa péjọ ṣe é kí ìgbà òtútù tó dé. Ní ọdún 2013, UNESCO kọ àṣà ìpéjọ náà sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé. Ata tí ó sọ ọ́ di pupa kì í sì ṣe ti ibẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, gẹ́gẹ́ bí tiwa náà ti ti ibẹ̀ wá.

Lẹ́yìn èyí ni ó se ọbẹ̀ doenjang. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń sè, tí wọ́n ń gún, tí wọ́n ń mọ ní ìṣù, tí wọ́n sì ń fi sílẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yí padà, kí wọ́n tó rì í sínú omi iyọ̀. Bí ìkòkò ti hó, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Màmá tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà gbé orí sókè: "Ta ni ó ń fi irú sí ọbẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Kò sí ẹni tí ó lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Màmá dìde, ó lọ mú irú tirẹ̀ tí ó wà nínú ewé, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ doenjang, ó sì gbóòórùn méjèèjì. Imú rẹ̀ kò ṣìnà: kòkòrò tín-ín-tín kan tí ojú kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus subtilis, ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tí a tẹ́ oúnjẹ, àlejò wa kò fọwọ́ kan ṣíbí, nítorí lọ́dọ̀ tiwọn, àgbà ni ó ń kọ́kọ́ jẹun. Màmá wò ó títí, ó sì ní kí a bu ọbẹ̀ náà fún òun pẹ̀lú ẹ̀bà. Ó jẹ ẹ́ tán. Ní ti kimchi, ó ní ó ti kan. Nígbà tí a sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí, bí ògì, ó tún mú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Ọmọ mi, ọbẹ̀ rẹ dára. Ṣùgbọ́n ìka ọmọ mi kò hù padà."

Ilé pa rọ́rọ́. A túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún àlejò wa. Kò wí àwíjàre. Ó ní ìyá òun rán aṣọ ní ilé iṣẹ́ ní Seoul ní ìgbà èwe rẹ̀, àti pé ní ìlú náà ni Jeon Tae-il, aránṣọ ẹni ọdún 22, ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1970, tí ó ń ké pé kí a pa òfin iṣẹ́ mọ́. Ó wá béèrè pé, "Ǹjẹ́ ilẹ̀ yín ní irú òfin bẹ́ẹ̀?"

Ó ní. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ó farapa ti wà láti ọdún 2010, àjọ NSITF ni ó sì ń bójú tó o. Ẹni tí ó bá farapa ní láti fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí láàárín ọjọ́ 14, kí ó sì béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àjọ náà kí ọdún kan tó pé. Ọmọkùnrin yìí kò gbọ́ ọ rí. Oṣù mẹ́rin ni ó kù fún un. Ní ọ̀sán náà, lórí tábìlì tí a kò tíì palẹ̀ abọ́ rẹ̀ mọ́, a bá a kọ ìwé ìbéèrè náà. Ọwọ́ òsì ni ó fi buwọ́ lù ú. A kò tíì gba èsì.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ rántí Pétérù ní Jọ́pà, bí ó ti ṣiyèméjì kí ó tó wọ ilé Kọ̀nílíù. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ọwọ́ ẹnì kan nínú àwọn tí ẹ mọ̀ bá ti farapa lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọdún yípo kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a ń lọ, Màmá di irú sínú ewé fún àlejò wa. Ó ní kí ó tún padà wá, kí ó sì gbé ìkòkò rẹ̀ dání.